Lẹ́tà sí Gbénga láti Àgbádárìgì

Gbénga ọ̀rẹ́ mi,

O kú òtútù. Ìyá Ìbejì ńkọ́? Mo ti dé láti Liverpool, ara le, àfi ọ̀nà Mile 2 sílé tó fẹ́ẹ̀ gbà mí lásìkò ju ọkọ̀ òfuurufú lọ. Ẹni tó ni ilé ìwobọ́ọ̀lù wa ti sọ ọ́ di ṣọ́ọ̀bù símẹ́ǹtì. Ìyá Rísí bí ọkùnrin. Tóbi... mò ń bọ̀ lórí ìyẹn.

Anfield, pápá Liverpool, ni mo torí ẹ̀ lọ, àmọ́ ẹ̀gbọ́n mi ní àfi ká kọ́kọ́ yà ní Kàtídírà. Mo kùn títí a fi débẹ̀. Gbénga, ilé ga! 1904 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ó di 1978 kí wọ́n tó parí ẹ̀. Ọmọ ọdún 22 ni Giles Gilbert Scott, tó ya àwòrán ilé náà, nígbà tí wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún un. Ó kú kí wọ́n tó kọ́ ọ tán. Lábẹ́ dígí aláràbarà, Tracey Emin, oníṣẹ́ ọnà kan, fi iná pínńkì kọ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ síbẹ̀, bí èyí tó ń tàn níwájú ilé ọtí. Ẹ̀gbọ́n mi ní àdúrà ni. Mo gbà fún un kó lè tètè yá.

A gba Hope Street lọ sí ti àwọn Àgùdà, èyí tó rí róbótó. Ibẹ̀ ni ẹnu mi ti wọhò. Lọ́jọ́ kejì jàǹbá pápá bọ́ọ̀lù Hillsborough, ní oṣù kẹrin 1989, ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe Máàsì fún àwọn tó lọ wo bọ́ọ̀lù tí wọn ò padà sílé. Wọ́n ti di 97 báyìí. Èyí tó kéré jù, ọmọ ọdún 10, ìbátan Steven Gerrard ni. Lọ́sẹ̀ yẹn, ará Everton àti ará Liverpool so síkáàfù mọ́ra láti Goodison, pápá Everton, dé Anfield. Ìwọ ọmọ Arsenal, tí o kì í gbé fóònù mi tá a bá nà yín!

Ọkùnrin kan kúnlẹ̀ tòun ti jẹ́sì pupa lọ́rùn. Èmi náà kúnlẹ̀, mo tan àbẹ́là, èmi ọmọ Mẹ́tọ́díìsì. Má sọ fún bàbá mi.

Tóbi ni mo tàn án fún. Ó lóun ò jókòó fún WAEC mọ́. Ejẹ́ńtì bọ́ọ̀lù kan ní ká mówó wá, òun á mú un gba Sẹ̀mẹ̀ dé Kùtọnu, láti ibẹ̀ ó di Tọ́kì. Mo béèrè orúkọ kílọ́ọ̀bù, ó ní kí n ní ìgbàgbọ́. Ìyá ẹ̀ ti ń wá ẹni tó máa ra fírísà. Tí mo bá lanu, wọ́n á ní mi ò fẹ́ kọ́mọ yọrí.

Jọ̀ọ́, pè é lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn. Tìẹ ló máa gbọ́. Sọ ti orúnkún ẹ fún un, má sì fi ti Kùtọnu ọjọ́sí pamọ́. Ṣe bí ẹni pé ìwọ lo ṣèèṣì pè é o.

Èmi ni,
Bàbá Tóbi