Lẹ́tà Ìparí Sáà Kejì sí Àwọn Òbí: Ọ̀rọ̀ Ìṣirò JSS 2 àti Ọjà

Láti ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà ilé-ìwé, Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́ wa,

Ẹ kú ìnáwó ọmọ, ẹ kú àfaradà. Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ẹ jèrè wọn.

Sáà kejì ti parí. Ìwé àbájáde ìdánwò wà lọ́wọ́ olùkọ́ kíláàsì. Òbí ni kó wá gbà á fúnra rẹ̀, ẹ má rán ọlọ́kadà. Ọjọ́ ìwọlé wà lẹ́yìn ìwé náà. Nínú eré ìdárayá, àwọn aláwọ̀ ewé ló gba ife. Ẹ̀kọ́ àfikún JSS 3 nítorí BECE, ìdánwò ìparí JSS 3, ń tẹ̀ síwájú. Owó ilé-ìwé kò lé.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ìṣirò JSS 2, tó ti gba ọ́fíìsì mi ní ọ̀sẹ̀ méjì gbáko.

Réṣíò, ìyẹn bí apá kan ṣe pọ̀ tó sí èkejì, àti iye owó ẹyọ kan ni wọ́n kọ́ ní sáà yìí. Olùkọ́ wọn kó wọn lọ sí ọjà Aràdà láàárọ̀ ọjọ́ kan, kí wọ́n béèrè iye ọjà kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn òbí kan ní a ń fi ọmọ àwọn ṣe alájàpá. Lẹ́yìn èyí ni ọmọ kan dúró ní ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀, tí oníbàárà sì ní kí wọ́n fún òun ní mílíìkì kéékèèké mẹ́wàá. Ọmọ ní, "Ẹ ra ńlá, mà, òun ló dín lówó." Inú ìyá kò dùn, ó sì wá bá olùkọ́ ní kíláàsì, lójú àwọn ọmọ.

Ọmọ yẹn kò parọ́. Bí ọ̀rá 20 gíráàmù bá jẹ́ ₦240, gíráàmù kan jẹ́ ₦12. Bí agolo 400 gíráàmù bá jẹ́ ₦4,000, gíráàmù kan jẹ́ ₦10. (Àpẹẹrẹ ni mo fi ṣe o, ẹ má fi iye yìí ná ọjà lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni.) Ohun tí kò tíì yé e ni pé ẹni tó ní ₦240 péré lápò kò lè ra agolo. Mo ti ní kí olùkọ́ fi èyí kún un, mo sì bá ìyá náà kẹ́dùn oníbàárà tó lọ. Ṣùgbọ́n èmi kò ní bẹ ẹnikẹ́ni nítorí pé ọmọ mọ ìṣirò.

Kí ló gbé wa dé ọjà? Nígbà tá a ní kí wọ́n pín ₦5,000 fún ẹni méjì ní 2:3, àwọn tó pọ̀ ló kọ ọ́ pé ẹni àkọ́kọ́ gba ìdá méjì nínú mẹ́ta. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, apá márùn-ún ni owó náà pín sí, ìdá méjì nínú márùn-ún ni tirẹ̀, ₦2,000. Pátákó nìkan kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn. Bírikìlà tó ń ṣe ògiri wa ló fi páànù tó fi ń wọn yanrìn kọ́ wọn ní 1:2:4, sìmẹ́ńtì, yanrìn, òkúta wẹ́wẹ́. Kó tó ṣẹ́jú, wọ́n ti mọ̀ pé páànù mẹ́rìnlá á gba 2, 4 àti 8.

Èyí tó wú mi lórí jù ni ti ọlọ́sàn. Ọsàn mẹ́wàá, ₦1,200, ìyẹn ₦120 lẹ́yọ. Ìyá fi méjì ṣe ènì. Ọmọbìnrin kan dá a lóhùn pé, "Ó ti di ₦100 lẹ́yọ nìyẹn, mà." Ènì tá a ti ń gbà láti ayébáyé!

Igun Ìṣirò tí mo dá sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ́fíìsì mi, pẹ̀lú kóńgò, òṣùwọ̀n àti ike òróró, ló bí gbogbo èyí. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń pè é ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá. Kí wọ́n máa pè é bẹ́ẹ̀. Ìgbà ìsinmi ráńpẹ́ ni àwọn ọmọ máa ń kún ibẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì lé wọn lọ síbẹ̀.

Lọ́rọ̀ kan, lílọ sí ọjà kò ní dúró. Ìwé ìyọ̀ǹda wà nínú àpò ọmọ yín. Èyí tí kò bá mú un wá yóò jókòó sí kíláàsì ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Òbí tí inú ń bí, ọ́fíìsì mi ni kó wá, kì í ṣe kíláàsì. Ẹni tó bá tún wọ kíláàsì lọ pariwo mọ́ olùkọ́, ìgbìmọ̀ òbí àti olùkọ́ la ó jọ jókòó lé e lórí.

Ẹ kú ìsinmi, ẹ bá wa kí ilé.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ọ̀gá Àgbà Ilé-ìwé