Lẹ́tà sí Bọ̀dá mi, akọ-pátákó Arákálẹ̀

Bọ̀dá mi,

Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ti lù, ojú yín ni mo ń wò lórí kọ̀ǹpútà. Ẹbí pè mí láàárọ̀, wọ́n ní, "Ìwọ náà lo kúkú mọ iṣẹ́ yẹn, bá wa ṣe pósítà pẹ̀lú ìwé ètò ìsìnkú Bọ̀dá." Ẹnì kankan ò béèrè pé èló. Èmi náà ní kò burú.

Ibi ìgbéyàwó ni wọ́n ti gé yín yọ nínú àwòrán tí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ọwọ́ obìnrin kan ṣì wà léjìká yín. Píkísẹ́lì 720, àwọn ẹ̀kán àwọ̀ kékeré tó para pọ̀ di àwòrán, ló fẹ̀ mọ. Pósítà A3 fẹ̀ tó íǹṣì 11.7, píkísẹ́lì 300 ló sì yẹ kó wà nínú íǹṣì kọ̀ọ̀kan kí ìwé tó dán, ìyẹn 3,508 láti etí dé etí. Tí mo bá na 720 yìí dé íǹṣì mẹ́jọ, 90 péré ló máa kù nínú íǹṣì kan, ẹ ó wá dà bí ẹni tó dúró sẹ́yìn nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn. Mo ní kí wọ́n wá fóònù tí wọ́n fi yà á, kí wọ́n fi ránṣẹ́ bíi dọ́kúmẹ́ǹtì, torí WhatsApp máa ń fún àwòrán pọ̀. Èyí tí wọ́n padà fi ránṣẹ́, ojú fóònù níbi tí àwòrán náà wà ni wọ́n yà. Ó tún kéré sí ti àkọ́kọ́.

Nítorí náà, ojú yín kò ní ju íǹṣì mẹ́rin lọ. 180 nìyẹn, kò tó, ṣùgbọ́n ojú lè gbà á. Màá fi yín sínú àyíká roboto kan, màá wá fọwọ́ ya àrà aṣọ òkè yí i ká. Ìyẹn ò ní píkísẹ́lì nínú, ìlà lásán ni, bó ti wù kí wọ́n fẹ̀ ẹ́ tó kò ní fọ́.

Ẹ̀yin ò mọ irú wàhálà yìí. Pákó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin sí mẹ́jọ, okùn tí ẹ fi ẹfun pa, ẹ ó ta ìlà méjì, ẹ ó ka lẹ́tà, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ láti àárín kí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún má bàa há. Ẹ ó gbé ọwọ́ lé ọ̀pá tí ẹ fi àkísà wé lórí, kó má bàa gbọ̀n. Ẹ ní kí n máa fojú da omi sáàárín lẹ́tà: A àti V gbọ́dọ̀ sún mọ́ra ju H àti I lọ, kí omi tó máa gba àárín wọn lè dọ́gba. Títí dòní, bí mo ṣe ń ṣe é nìyẹn. Flex, ike fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ tí ẹ̀rọ ń tẹ àwòrán sí, dé, wọ́n ń tà á ní ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan, ẹ kó búrọ́ọ̀ṣì sínú agolo kẹrosíìnì, ẹ ò yọ ọ́ mọ́.

Bọ̀dá, ẹ rántí pátákó màmá oníbúkà yẹn. OÚNJẸ DÙN NÍBÍ. Èmi ni mo dá a kọ, àkọ́kọ́ mi. Nígbà tó béèrè pé èló ni, ẹ ti dáhùn kí n tó lanu: "Ọmọdé ló ṣe é, Màmá, ẹ fún un ní ohunkóhun." Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka owó tiyín ní lẹ́tà-lẹ́tà! Méjìlá ni lẹ́tà yẹn. Mo ti kà á kí n tó fọ búrọ́ọ̀ṣì. Ó bu ìrẹsì fún mi, ẹran kan lórí rẹ̀, mo sì jẹ ẹ́. Pé mo jẹ ẹ́ yẹn gan-an ló ń dùn mí. Mi ò bi yín léèrè rí, ní báyìí, ta ni mo máa bi?

Torí ọ̀rọ̀ yẹn ṣì wà lẹ́nu mi. Oníbàárà á ní "èló?", màá ní "ẹ mú ohun tẹ́ ẹ bá ní wá." Kí wọ́n tó yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù karùn-ún 2023, lítà kan kò tó 200 náírà. Ẹ wo iye tí wọ́n ń tà á báyìí. Dọ́là ni wọ́n fi ń gba owó Adobe, àwọn tó ni Photoshop tí mo fi ń ṣe àwòrán. Oníbàárà á ṣì ní kọ̀ǹpútà ló ṣe é, kí ló ná mi?

Ó ná mi ní alẹ́ yìí. Ojú-ewé 22 ni ìwé ètò tí wọ́n kọ wá, bẹ́ẹ̀ ìwé tí wọ́n máa ká sí méjì, tí wọ́n á sì fi píìnì kàn láàárín, mẹ́rin-mẹ́rin ni ojú-ewé rẹ̀ ń lọ. Mo sọ ọ́ di 24. Ìwọ̀n rẹ̀, A5, jẹ́ mílímítà 148 sí 210, mo fi mẹ́ta-mẹ́ta kún etí rẹ̀ gbogbo, ó di 154 sí 216, kí ọ̀bẹ má bàa fi funfun sílẹ̀ létí bó bá yẹ̀. Dúdú tí Photoshop ń pò fúnra rẹ̀ láti inú yíǹkì mẹ́rin tí wọ́n fi ń tẹ̀wé, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kì í ju 100 lọ, cyan (búlúù fífẹ́ẹ́rẹ́) 75, magenta (pupa bíi rósì) 68, yẹ́lò 67, dúdú 90, àpapọ̀ rẹ̀ 300: kì í tètè gbẹ, á lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ìwé tó bá wà lórí rẹ̀, lẹ́tà kékeré á sì máa ní òjìji bí yíǹkì kan bá yẹ̀. Dúdú 100 nìkan ni mo fi kọ ọ̀rọ̀. Búlúù aṣọ ẹbí ńkọ́? Bí cyan bá jẹ́ 100, mi ò jẹ́ kí magenta kọjá 70, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ elése àlùkò ló máa jáde, wọ́n á ní mo ba òkú jẹ́.

Kíkọ Ó DÀÁRỌ̀ sórí pósítà ló pẹ́ jù. Ọ nìkan ò ní wàhálà, ó ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú Unicode, àkójọ nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà. Ọ̀ ni kò ní: Ọ ni wọ́n máa kọ, wọ́n á wá gbé àmì lé e. Fọ́ǹtì, ìyẹn irú ìkọ̀wé orí kọ̀ǹpútà, tí kò mọ ibi tí wọ́n ń gbé e sí á tì í ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí kó fi àpótí òfìfo rọ́pò rẹ̀. Fọ́ǹtì Charis SIL mọ̀ ọ́n gbé. Mo tẹ Ctrl+Q nínú CorelDRAW, ètò kọ̀ǹpútà tí mo fi ń to pósítà, kí lẹ́tà lè di ìlà, kí kọ̀ǹpútà onítẹ̀wé má bàa fi fọ́ǹtì mìíràn rọ́pò rẹ̀. Mo tọ́jú ẹ̀dà kan sílẹ̀, torí lẹ́yìn ìyẹn a ò lè tún sípẹ́lì ṣe mọ́. Àlàfo àárín Ó àti D, mo fojú da omi sí i.

Jẹnẹrétọ̀ ti ń sín. Kó tó kú, mo kọ ìwé owó: pósítà, ìwé ojú-ewé 24, àtúnṣe ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀kẹta lówó lọ́tọ̀. Iye rẹ̀ wà nísàlẹ̀, kò sí "ohunkóhun" níbẹ̀. Mo fi sí ojú-òpó ẹbí lórí WhatsApp ní aago méjìlá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Àmì méjèèjì ti di búlúù, Bọ̀dá. Kò sẹ́ni tó tíì fèsì.