Lẹ́tà sí Àjọkẹ́ lórí ọ̀rọ̀ fìlà òtútù

Minneapolis,
12 Oṣù Kejìlá.

Àjọkẹ́ ọmọ mi,

O kú òtútù o. O kú iṣẹ́, o kú ìdúró ọkọ̀ àárọ̀. Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, mo gbọ́ ọ tán pátápátá. O ní o ò dé fìlà mọ́ nítorí irun tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ dì, àti pé ẹnì kan níbi iṣẹ́ yín sọ fún ọ pé irọ́ ni ọ̀rọ̀ pé orí ni ooru ara ń gbà jáde jù. Ẹni yẹn ò purọ́. Ibi tí ìwọ gbé ọ̀rọ̀ ọ̀hún lọ ni kò bá mi lára mu.

Ìwé tí àwọn ológun Amẹ́ríkà fi ń kọ́ ọmọ ogun bí wọ́n ṣe lè yè nínú ìgbẹ́, ti 1970, ló sọ pé ìdá 40 sí 45 nínú 100 ooru ara ló ń gba orí lọ. Aṣọ òtútù ni àwọn tí wọ́n fi ṣe àyẹ̀wò tó bí ọ̀rọ̀ náà wọ̀ láti ọrùn dé ẹsẹ̀. Orí nìkan ló wà níta. Bí o bá ti gbogbo fèrèsé ilé tí o ṣẹ́ ẹyọ kan kù, ibo ni atẹ́gùn ì bá tún gbà? Ní 2008, dókítà méjì, Rachel Vreeman àti Aaron Carroll, tú àṣírí ọ̀rọ̀ náà nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn BMJ. Orí àgbàlagbà kò ju nǹkan bí ìdá 10 nínú 100 awọ ara lọ, ooru tó ń gba ibẹ̀ jáde ò sì fi bẹ́ẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n wo ara rẹ níbùdókọ̀: kóòtù dé orúnkún, bàtà onírun, ìbọ̀wọ́. Ìwọ náà ti ti gbogbo fèrèsé, àfi ẹyọ kan. Iṣan ẹ̀jẹ̀ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ máa ń sún kì bí òtútù bá ti dé, kí ooru má baà ṣòfò. Ti awọ orí kì í sún tó bẹ́ẹ̀, ó kàn ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ ni.

Ká tilẹ̀ gbé ti ooru sílẹ̀ pátápátá, n ó ṣì ní kí o dé fìlà. Etí ni mò ń bá wí. Etí yọ síta, ó fẹ́lẹ́, eegun rírọ̀ àti awọ lásán ni, kò lọ́ràá, ẹ̀jẹ̀ tó ń dé ibẹ̀ kò sì pọ̀. Òun, imú àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni òtútù kọ́kọ́ ń jẹ lójú èèyàn. Yẹtí onírin tún dá kún un, torí irin a máa fa ooru kúrò nínú ẹran etí kíákíá. Bọ́ ọ kí o tó jáde, fi sínú báàgì, kí o tún un fi sí tí o bá dé ibi iṣẹ́.

Nọ́ńbà méjì ni fóònù rẹ máa ń gbé jáde láàárọ̀: bí afẹ́fẹ́ ṣe tutù tó, àti bí yóò ṣe rí lára tí atẹ́gùn bá dá sí i. Wo méjèèjì. Bí nọ́ńbà àkọ́kọ́ bá wà lókè 32 Fahrenheit (ìyẹn òdo Celsius, ibi tí omi ti ń dì), kò sí bí atẹ́gùn ṣe lè le tó tí awọ ara á dì. Ìnira lásán ni, fìlà tín-ín-rín tó ọ. Tó bá ti bọ́ sábẹ́ 32, fìlà tó bo etí dandan. Tó bá jẹ́ òdo Fahrenheit (ìyẹn bíi 18 Celsius lábẹ́ òdo), tí atẹ́gùn sì ń sáré máìlì 15 ní wákàtí kan, yóò dà bí 19 Fahrenheit lábẹ́ òdo lára rẹ, awọ tó wà níhòòhò sì lè dì láàárín 30 ìṣẹ́jú. Bọ́ọ̀sì tó pẹ́ díẹ̀, tí èkejì tún kún kọjá lọ, 30 ìṣẹ́jú pé nìyẹn. Ní Chicago tí o wà yẹn, ní 30 Oṣù Kìíní 2019, òtútù lọ dé 23 Fahrenheit lábẹ́ òdo, ti atẹ́gùn sì sún un dé 52 lábẹ́ òdo. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, fìlà nìkan ò tó: fi ìborí kóòtù lé e, kí o fi sìkáàfù bo imú. Bí ọ̀gá bá gbà, jókòó sílé.

Má gbọ́kàn lé ìborí kóòtù láìsí fìlà lábẹ́ rẹ̀. Tí o bá yí ojú, kì í bá ọ yí, ìdajì ọ̀nà nìkan lo máa rí nígbà tí o bá fẹ́ kọjá títì, atẹ́gùn iwájú sì máa ń ṣí i sẹ́yìn. Fìlà ilé wa náà kọ́: ti aṣọ òkè kì í dé etí. Abetí-ajá nìkan ló ní ohun tí a lè fà bo etí, ṣùgbọ́n kò lẹ̀ mọ́ orí, atẹ́gùn á gba abẹ́ rẹ̀ wọlé. Ti òde àríyá ni.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ irun. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Òwú àti irun àgùntàn a máa fa omi inú irun, wọ́n sì máa ń ha á, ibi iwájú orí àti ẹ̀gbẹ́ etí ló sì kọ́kọ́ ń já. Lóòótọ́ ni o sọ ọ́. Sátíìnì ló máa bá ọ yanjú ìyẹn, àmọ́ ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í. Wọ́n á fi sátíìnì bo inú fìlà títí dé etí rẹ̀, nǹkan náà á máa yọ̀, tó bá fi máa di ìṣẹ́jú márùn-ún tí wọ́n ti ń rìn, fìlà ti gun orí lọ, etí ti yọ síta. Ṣe é báyìí: ra bọ́nẹ́ẹ̀tì sátíìnì olówó pọ́ọ́kú, já rọ́bà etí rẹ̀ kúrò, kí o yí inú fìlà síta. Tẹ́ sátíìnì náà lé e lórí, kí etí rẹ̀ dúró ní sẹ̀ǹtímítà 3 sókè etí fìlà, torí irun àgùntàn tó ṣẹ́kù nísàlẹ̀ yẹn ni yóò di awọ iwájú orí rẹ mú, níbi tí irun kò sí. Fi abẹ́rẹ́ rán an yíká ní ìlà wọ́gọwọ̀gọ, kí o sì dẹ okùn díẹ̀. Bí o bá fa okùn le, fìlà ò ní fẹ̀ mọ́, okùn á já lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí o bá fà á wọlé.

Má sì kó irun jọ sí àtàrí bíi ti ọjọ́ ìgbéyàwó. Ìdì irun yẹn ló ń gbé fìlà sókè kúrò ní etí. Kó o sísàlẹ̀ ní ìpàkọ́, kí o dì í jẹ́jẹ́, tàbí kí o jẹ́ kó ṣubú sínú kóòtù. Tí o bá fọ orí, alẹ́ ni kí o fọ̀ ọ́, kí o sì fi ẹ̀rọ gbẹ ẹ dénú, torí irun dídì a máa gbẹ lójú tó ṣì tutù nínú. Omi yẹn ń fa ooru lọ. Ní ọjọ́ òtútù gidi yóò dì gán-ín gán-ín, irun á sì ṣẹ́. Fi òrí pa ẹ̀gbẹ́ irun, ó dára fún un. Má retí kó dáàbò bo etí ní tirẹ̀. Ìpara kì í dá òtútù dúró.

Bọ́ fìlà tí o bá wọ ọkọ̀ ojú irin. Inú ibẹ̀ gbóná, òógùn á rin fìlà, fìlà tútù ò sì wúlò tí o bá tún jáde. Ki í bọ apá kóòtù, má gbé e lé itan, itan ni fìlà ti ń sọnù.

Bí etí bá kọ́kọ́ ń ta ọ, tó wá dákẹ́ lójijì, má yọ̀. Ó ti ń kú lọ ni. Lára aláwọ̀ dúdú, pípọ́n kì í hàn dáadáa: wá àwọ̀ eérú tàbí fífunfun, tẹ̀ ẹ́ bóyá ó le bí àbẹ́là. Wọlé lójú ẹsẹ̀, bọ́ yẹtí kí etí tó wú, má ra á, má sún mọ́ ẹ̀rọ gbígbẹ irun, torí etí tó ti kú ò mọ̀ bí iná ń jó o. Ki aṣọ mímọ́ bọ omi tó gbóná bí ti ìwẹ̀ ọmọ titun, Celsius 37 sí 39, kí o fi bò ó fún 15 sí 30 ìṣẹ́jú, máa pààrọ̀ rẹ̀ bó bá ń tutù. Yóò ta ọ gan-an, àmì pé ẹ̀jẹ̀ ń padà ni. Tó bá lé ròrò, tàbí tó ṣì le lẹ́yìn èyí, ilé ìwòsàn ni.

Mo fẹ́ hun ọ̀kan fún ọ. Fi téèpù wọn orí rẹ ní ìka kan sókè ìpéǹpéjú, kó gba ibi tó yọ jù ní ìpàkọ́, pẹ̀lú irun tó wà lórí rẹ báyìí. N ó yọ sẹ̀ǹtímítà 3 kúrò fún fífẹ̀ òwú. Tún wọn láti àtàrí dé ìsàlẹ̀ ibi tí o ti lu etí, kí o fi nọ́ńbà méjèèjì ránṣẹ́ kí Sátidé tó dé. Sọ àwọ̀ kóòtù rẹ fún mi pẹ̀lú.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.