Ẹ má gé XP ẹni tó padà lọ mú ọmọ tuntun wọlé

Ẹ̀yin Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Kétu ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ni mo ti ń kọ̀wé yìí, ìwé ìròyìn yín máa ń gba Ìmẹ̀kọ wọlé bá wa, bó tiẹ̀ pẹ́ ọjọ́ mélòó kan a ṣì ń kà á. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ géèmù kì í sábà wọ ojú ewé lẹ́tà yín, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi tẹ̀ ẹ́, torí àwa tá à ń gbá géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì níbí àti lódìkejì bọ́dà pọ̀ ju bí àwọn àgbà ṣe rò lọ, ohun kan sì wà tó ń dùn wá.

Ọ̀rọ̀ XP ni. Fún ẹni tí ò mọ̀ ọ́n, nínú géèmù tí èèyàn ti máa ń di jagunjagun tàbí oníṣègùn, wọ́n á rán ẹ níṣẹ́, lọ pa ẹranko kan nínú ihò, lọ gba ẹnì kan sílẹ̀, kó o wá padà wá jábọ̀. Quest ni wọ́n ń pe iṣẹ́ yẹn, XP sì ni ìrírí tí wọ́n ń kà fún ẹ, tó bá ti pé iye kan o gòkè ipele nìyẹn. Nínú àwọn géèmù kan, tó o bá tún iṣẹ́ kan náà jẹ́, XP ẹ̀ á dínkù. Dungeons & Dragons Online tó jáde ní 2006, wọ́n mọ̀ ọ́n mọ ìyẹn dáadáa, bó o ṣe ń tún quest kan ṣe ni wọ́n ń gé e, àfi tó o bá fi í sílẹ̀ fúngbà díẹ̀ kó tó padà bọ̀ sípò.

Mo mọ ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é, mi ò ní bú wọn. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé tí wọ́n bá ti rí iṣẹ́ kan tó rọrùn tó sì ń san XP gidi, ibẹ̀ ni wọ́n á jókòó sí, ihò kan náà láti àárọ̀ dalẹ́, àwọn míì tiẹ̀ á jẹ́ kí ètò kọ̀ǹpútà kan máa bá wọn gbá a, wọ́n á lọ sùn. Àwọn tó ṣe géèmù náà sì ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ya ìlú, ya igbó, ya odò, kò sẹ́ni tó máa dé ibẹ̀. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà lóòótọ́. Ó yé mi. Àmọ́ ẹ jẹ́ n sọ ẹni tí ọ̀bẹ yẹn ń gé gan-an.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ géèmù tá à ń gbá (mi ò ní dárúkọ ẹ̀). Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) lọmọ náà wà tó ti ń kàwé, èmi wà ní Kétu, ọ̀rẹ́ mi kan wà ní Ìmẹ̀kọ, ẹnì kẹrin wa ń gbé Ṣábẹ̀ẹ́. Iṣẹ́ kan wà tí ọmọ tuntun ò lè dá jẹ́, èèyàn mẹ́rin ló gbọ́dọ̀ wọlé. Lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́ a bá a lọ, wọ́n pa wá, a tún wọlé, bó ṣe kù díẹ̀ ká parí báyìí ni iná lọ ní Àjàṣẹ́, àwa mẹ́ta parí ẹ̀ òun ò sí níbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì a tún padà torí tiẹ̀. Lẹ́yìn náà ó mú ọ̀rẹ́ ẹ̀ wá, ọ̀rẹ́ yẹn náà mú ẹlòmíì wá, a sì ń bá wọn lọ. Nígbà tó fi máa di ẹ̀ẹ̀keje, XP tí mò ń gbà ò tó ìdá kan nínú márùn-ún ohun tí mo gbà lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ọmọ tó ń sá tẹ̀lé mi lẹ́yìn ń gba odindi, mi ò jowú ẹ̀ rárá, ó tọ́ sí i. Àmọ́ ẹranko inú ihò yẹn ò torí pé mo ti wá rí kó fọwọ́ ọ̀rẹ́ mú mi, oògùn tí mò ń lò níbẹ̀ ṣì ń tán, dátà tí mo fowó rà ṣì ń jó.

Ohun tó wá tẹ̀lé e ló dùn mí jù. Àwọn tó mọ̀nà ò lọ mọ́. Tẹ́ ẹ bá wọ géèmù yẹn báyìí, ẹ máa rí àwọn ọmọ tuntun tí wọ́n dúró lẹ́nu ihò, tí wọ́n ń kọ ọ́ pé ẹ jọ̀ọ́, ó ku ẹnì kan, ẹ jọ̀ọ́, ó ku ẹnì kan, kò sẹ́ni tó máa dá wọn lóhùn. Kì í ṣe pé inú wa le, ẹni tó ní wákàtí kan péré lálẹ́ á lọ síbi tí wọ́n ti máa san odindi fún un ni. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fi ọjọ́ mẹ́ta dúró bẹ́ẹ̀ kó tó pè mí.

Wákàtí kan yẹn náà lọ̀rọ̀ tún wà. Ẹni tí iná ẹ̀ kì í lọ, tí íntánẹ́ẹ̀tì ẹ̀ ò lópin, lè wọ iṣẹ́ tó máa gba wákàtí méjì, lónìí ibí, lọ́la ibòmíì. Àwa ńkọ́? Iṣẹ́ oníṣẹ́jú ogún la lè parí kí dátà tó tán, irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ò sì pọ̀, a máa tún un ṣe ni.

Fóònù ni mò ń tún ṣe níbí. Ojú ibi tí wọ́n ń ki ṣájà bọ̀ ló ń bàjẹ́ jù, mo lè tún mẹ́wàá ṣe lọ́sẹ̀ kan, kò sí oníbàárà tó máa sọ pé torí o ti ṣe mẹ́sàn-án, ìdajì owó ni màá san.

Tí àwọn tó ń ṣe géèmù bá ní owó ọjà inú géèmù ló máa pọ̀ jù, ìyẹn ní òye nínú, torí góòlù tí mo bá kó jọ lè mú kí idà wọ́n fún ẹlòmíì. XP mi kì í jáde lára mi, mi ò lè tà á. Tó bá sì jẹ́ ti ìlera ni, ilẹ̀ Ṣáínà ṣòfin ẹ̀ ní 2007 fún àwọn ọmọdé, nígbà yẹn tí ọmọ bá ti gbá géèmù kọjá wákàtí 3, èrè ẹ̀ á di ìdajì, tó bá kọjá 5 á di òfo. Wákàtí ni wọ́n kà níbẹ̀, wọn ò ka iye ìgbà tó o wọ ihò kan.

Nínú Dungeons & Dragons Online kan náà yẹn, ẹni tó bá ti dé òkè lè tún ayé wá, á padà sí ipele kìn-ín-ní, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ iṣẹ́ wọ̀nyẹn, agbára ayé tó ti lò á sì bá a wá. Àwa tá à ń sọmọ ní Babátúndé àti Yétúndé, ìyẹn ò ṣàjèjì sí wa. Ṣé àtúnwá wá dáa, àtúnṣe ò dáa ni?

Ọ̀nà míì sì wà. Kí géèmù World of Warcraft tó jáde ní 2004, nígbà tí wọ́n ń dán an wò, ẹni tó bá gbá a pẹ́, XP ẹ̀ á bọ́ sí ìdajì. Àwọn èèyàn pariwo. Wọ́n bá yí orúkọ ẹ̀ padà, ìdajì àná di odindi, odindi àná wá di ìlọ́po méjì fún ẹni tó ti sinmi. Ìṣirò kan náà, ariwo sì rọlẹ̀. Final Fantasy XIV ti 2010 fi tiẹ̀ sí gbangba, lẹ́yìn wákàtí 8 lọ́sẹ̀ XP á bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù títí á fi di òfo, inú bí àwọn èèyàn gan-an (ìyẹn nìkan kọ́ ló bà á jẹ́ o), wọ́n tún géèmù náà ṣe látilẹ̀, wọ́n sì tún gbé e jáde ní 2013.

Ẹni tó bá lọ síbi tuntun, ẹ fún un ní èlé, mo fara mọ́ ọn. Àmọ́ tí ẹnì kan bá wà láàárín wa tí ò tíì jẹ́ iṣẹ́ yẹn rí, ẹ má ka ìrìn yẹn mọ́ àwa tá a mú un lọ lọ́rùn. Géèmù mọ ẹni tó ti jẹ́ iṣẹ́ àti ẹni tí ò tíì jẹ́ ẹ, ohun tó fi ń gé tèmi nìyẹn, kò lè ní òun ò mọ̀ ọ́n.

Lálẹ́ àná ọmọ ẹ̀gbọ́n mi náà ti ń mú ẹnì kan ní kíláàsì ẹ̀ lọ, ẹ̀ẹ̀kẹta ẹ̀ nìyẹn. Ó pè mí pé XP òun ti ń dínkù, ó bi mí bóyá kóun ṣì lọ lọ́la. Mo ní kó lọ, pé màá bá a lọ.

Èmi ni,
Atúnfóònùṣe kan ní Kétu, ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀