Ẹ má tètè fọ́mátì kọ̀ǹpútà Ubuntu

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ó ń dùn mí pé ní ìgboro Ìbàdàn yìí, ẹni tó bá gbé kọ̀ǹpútà tó ń lo Ubuntu (ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, bíi Windows), tí kò gbé desktop, ìyẹn ojú iṣẹ́ rẹ̀, wá mọ́, lọ fún àtúnṣe, “a máa fọ́mátì ẹ̀ ni”, ìyẹn pé wọ́n á nu gbogbo rẹ̀ nù, ló sábà máa ń gbọ́. Bẹ́ẹ̀, sọ́fítíwià ló bàjẹ́. Fáìlì onífáìlì tó wà nínú /home, níbi tí Ubuntu ń kó iṣẹ́ oníkọ̀ǹpútà sí, kò sí ohun tó ṣe é.

Bí iná bá lọ nígbà tí apt, irinṣẹ́ tí Ubuntu fi ń gbé sọ́fítíwià wọlé tàbí yọ ọ́ kúrò, ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, tí bátìrì ò sì gbé e dópin, ẹ tan án, ẹ tẹ Ctrl, Alt àti F3 pọ̀ kí ojú dúdú tí wọ́n ti ń tẹ àṣẹ lè jáde, kí ẹ fi orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà yín wọlé. Ẹ tẹ sudo dpkg --configure -a, lẹ́yìn náà sudo apt --fix-broken install. Ó sábà máa ń tó. Bó bá ní lock (àmì pé apt kan ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́) wà, ẹ ní sùúrù. Ẹ má pa fáìlì lock rẹ́ bí àwọn kan ṣe ń kọ́ni. Apt mìíràn lè máa ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀, bí méjì bá sì jọ ń kọ sínú àkọsílẹ̀ kan náà, ìbàjẹ́ gidi nìyẹn.

Èyí tó le ni ti ẹni tó yọ python3, ètò tó ń mú àwọn iṣẹ́ tí wọ́n fi èdè Python kọ ṣiṣẹ́, kúrò. Ọ̀pọ̀ irinṣẹ́ Ubuntu ló gbára lé e, nítorí náà apt á kó ubuntu-desktop, àkójọ tó ń gbé ojú iṣẹ́ wá, àti ọ̀pọ̀ nǹkan mìíràn mọ́ ọn. Ẹ ka /var/log/apt/history.log: ọjọ́, wákàtí, àṣẹ tí wọ́n tẹ̀ àti orúkọ gbogbo ohun tó lọ wà níbẹ̀, níwájú Remove. Apt install lẹ máa fi dá wọn padà.

Bí íntánẹ́ẹ̀tì náà bá ti bá a lọ, ẹ fi flash tí wọ́n kọ Ubuntu sí tan kọ̀ǹpútà, ẹ so ó mọ́ hotspot fóònù. Ibẹ̀ lẹ ti lè kọ́kọ́ kó /home pamọ́ sórí disk mìíràn. Ẹ fi àṣẹ lsblk wá pátíṣọ̀n (apá disk) tí Ubuntu tó bàjẹ́ wà. Bó bá jẹ́ sda2, ẹ tẹ sudo mount /dev/sda2 /mnt. Ẹ fi sudo mount --bind so /dev, /proc, /sys àti /run mọ́ àwọn olórúkọ wọn nínú /mnt. /run yìí ni wọ́n sábà máa ń gbàgbé, apt á wá máa ké pé òun ò rí sáfà kankan. Ẹ tẹ sudo chroot /mnt láti wọ inú Ubuntu tó bàjẹ́ náà, kí ẹ wá ṣe apt install python3 ubuntu-desktop.

Bó bá jẹ́ /var/lib/dpkg/status gan-an, àkọsílẹ̀ gbogbo sọ́fítíwià tó wà lórí kọ̀ǹpútà, ló bàjẹ́, ẹ̀dà rẹ̀ wà ní /var/backups/dpkg.status.0. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yẹ ibẹ̀ wò kí ẹ tó nu iṣẹ́ ọlọ́dún gbọọrọ nù.

Òǹkàwé yín,
Bódìjà, Ìbàdàn