Ọ̀rọ̀ sí àwọn oníbàárà wa: ìdí tí a fi ń béèrè ọ̀rọ̀ púpọ̀ kí a tó da èérí sí ọkọ̀ reluwé yín

Ẹ̀yin oníbàárà wa ọ̀wọ́n,

A kí yín, a sì dúpẹ́ pé ẹ ń fi ọkọ̀ ojú irin àwòṣe yín lé wa lọ́wọ́. Láti ìgbà díẹ̀ sẹ́yìn ni ẹ̀sùn méjì ti ń wọlé sí wa láti ọ̀dọ̀ oríṣiríṣi ènìyàn. Àwọn kan ní ọkọ̀ ẹrù tí àwọn fi ránṣẹ́ pé kí a sọ di ogbó, ìyẹn ni pé kí a kùn ún kó jọ èyí tó ti pẹ́ lójú irin, ti padà dé, ṣùgbọ́n ìpáàrà tí àwọn rí lára rẹ̀ kò tó nǹkan, bí ẹni pé a kò ṣe iṣẹ́ tí a gba owó rẹ̀. Àwọn mìíràn ní kí ló dé tí a fi ń da ìbéèrè bo àwọn, tí a ń béèrè fọ́tò, ọdún, àwọ̀ ilẹ̀, àti irú iná tó wà nínú yàrá, nígbà tó jẹ́ pé iṣẹ́ ọ̀dà àti gọ́ọ̀mù lásán ni àwọn gbé fún wa. Mo rò pé ó yẹ kí n jókòó kọ èsì tó kún, nítorí ìdáhùn kan náà ni ẹ̀sùn méjèèjì ní: nínú ilé iṣẹ́ wa, a kì í fi àbàwọ́n sí ibi tí a kò bá lè sọ ohun tó gbé e débẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwọ̀n, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àìgbọ́ra-ẹni-yé ti ń ṣẹ̀ wá. Ìwọ̀n tí púpọ̀ nínú yín ń lò ni HO, tó jẹ́ ìdá kan nínú 87 ohun gidi. Àlàfo tó wà láàárín irin méjèèjì lójú ọ̀nà reluwé tó wọ́pọ̀ jù lọ láyé jẹ́ mìlímítà 1,435. Bí ẹ bá pín in sí ọ̀nà 87, ẹ ó rí mìlímítà 16.5 tó wà láàárín irin orí tábìlì yín. Ènìyàn tó ga ní mítà 1.74 di ohun tí gíga rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 20. Ṣùgbọ́n ìdọ̀tí kì í fúnra rẹ̀ kéré. Bí búrọ́ọ̀ṣì wa bá ta ọ̀dà tó fẹ̀ ní mìlímítà 1 péré sí ara ọkọ̀ HO, àbàwọ́n tó fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 8 lọ ni a ta sí ara ọkọ̀ gidi yẹn. Ní ìwọ̀n N, tó jẹ́ ìdá kan nínú 160, àbàwọ́n kan náà di sẹ̀ǹtímítà 16. Nítorí náà, nígbà tí oníbàárà bá ní kí a jẹ́ kí ìpáàrà náà yọ sókè kí ọwọ́ lè máa bà á, ohun tó ń béèrè fún ni ìpáàrà tó nípọn tó ìbú àtẹ́lẹwọ́, bẹ́ẹ̀ kí ìpáàrà tó nípọn tó bẹ́ẹ̀, irin ọkọ̀ náà ì bá ti jẹ tán.

Lára ọkọ̀ ẹrù onírin, ohun àkọ́kọ́ tí à ń bi ara wa ni pé ibo ni omi ń gbà. Àwọn àgbà ní òjò kò bá ẹnì kan ṣọ̀rẹ́, ẹni tí eji bá rí ni eji ń pa, òótọ́ sì ni pé òjò ń pa gbogbo òrùlé ọkọ̀ bákan náà. Ṣùgbọ́n nígbà tó bá ń ṣàn wálẹ̀, ipa kọ̀ọ̀kan ló ń tọ̀. Ó ń gba orí ìṣó tí wọ́n fi kan irin pọ̀, ó ń gba ẹsẹ̀ àkàbà, ó ń gba etí irin tí ilẹ̀kùn ń yí lé, ibi tí ọ̀dà bá sì ti bó ni ó ti ń gbé ìpáàrà sọ̀ kalẹ̀. Ìlà tó bá fà sílẹ̀ yóò dúdú kedere lókè, yóò máa tín-ín-rín, yóò sì máa ṣá bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, títí yóò fi dé ibi tí irin kan dábùú ọ̀nà rẹ̀. Ìpáàrà àtijọ́ pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú. Tuntun ló máa ń ní àwọ̀ ọsàn. Ìdí nìyí tí àárín ojú ọgbẹ́ kan lára ọkọ̀ fi máa ń ṣókùnkùn, tí etí rẹ̀ sì máa ń mọ́lẹ̀ díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí àwọn ènìyàn ti kùn fúnra wọn kí wọ́n tó gbé e wá sọ́dọ̀ wa ló jẹ́ pé àwọ̀ ọsàn ni wọ́n pa gbogbo rẹ̀ láró, ohun tí èyí sì ń sọ fún ojú ni pé ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni gbogbo ara ọkọ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ pinnu láti dípáàrà lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ní ìtàn tirẹ̀. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ ló ń ta eruku àti ẹrẹ̀ sókè, nítorí náà, ara ògiri ọkọ̀ níwájú àti lẹ́yìn, níbi tó dojú kọ ẹsẹ̀, ló ń jẹ èyí tó pọ̀ jù, ní ìlà méjì tó dúró gangan. Eruku yẹn gbọ́dọ̀ bá ilẹ̀ tí ọkọ̀ náà ń rìn mu. Bí ilẹ̀ orí tábìlì yín bá pupa, tí eruku ara ọkọ̀ sì funfun bí eérú, ojú yóò mọ̀ pé nǹkan kan kò dọ́gba, kódà bí ẹnu kò bá rí i sọ. Ohun tí a ń ṣe báyìí ni pé lẹ́búlẹ́bú tí a fi kun ilẹ̀ gan-an ni a fi ń kun ìsàlẹ̀ ọkọ̀, nígbà tí iṣẹ́ méjèèjì bá wà lọ́wọ́ wa. Bí kò bá sí lọ́wọ́ wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìwọ̀nba díẹ̀ nínú ilẹ̀ yín sínú ọ̀rá ránṣẹ́.

Ẹrù tí ọkọ̀ ń gbé náà ń kọ orúkọ rẹ̀ sí i lára. Ọkọ̀ agbépo ní ìlà dúdú tó ń dán, tó ti ẹnu ihò òkè sọ̀ kalẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ọkọ̀ tó ń gbé sìmẹ́ńtì máa ń ní eérú funfun yí ọmọrí rẹ̀ ká. Lára orí reluwé tó ń lo ooru omi, èéfín ni ó ń bo òkè, ṣùgbọ́n níbi tí omi gbígbóná ti ń jò, ẹfun tó wà nínú omi náà yóò gbẹ síbẹ̀, yóò sì fi ìlà funfun sílẹ̀. Ti orí reluwé tó ń lo epo dísù kò rí bẹ́ẹ̀. Àyíká ihò èéfín lórí òrùlé ni dúdú rẹ̀ máa ń wà jù. Bákan náà ni oòrùn ń mú kí ọ̀dà ṣá, òun sì ni èmi fúnra mi kà sí pàtàkì ju ìpáàrà lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó máa ń béèrè fún un. Nígbà mìíràn, ohun kan ṣoṣo tí ọkọ̀ nílò láti kúrò ní ohun ìṣeré kó sì di ọkọ̀ ni kí pupa rẹ̀ pòrúúrùú díẹ̀, kí ojú nọ́ńbà rẹ̀ nìkan mọ́ ketekete láàárín ìdọ̀tí, nítorí pé òṣìṣẹ́ reluwé ti fi àkísà nù ún kó lè rí i kà.

Mi ò dá ìlànà yìí sílẹ̀. Fọ́tò àgbékalẹ̀ reluwé àwòṣe kan tí wọ́n ń pè ní Gorre & Daphetid ló kọ́kọ́ là mí lójú, èyí tí John Allen, ará Amẹ́ríkà kan tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, kọ́ sínú ilé rẹ̀ ní Monterey, ní Kalifọ́níà, ní ìgbà tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ṣì ń fẹ́ kí ọkọ̀ wọn máa dán. Ó kú ní ọdún 1973, kò sì pé ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn ikú rẹ̀ tí iná jó púpọ̀ nínú àgbékalẹ̀ náà, tó fi jẹ́ pé fọ́tò ni a fi ń mọ̀ ọ́n lónìí. Èmi ṣì máa ń padà sídìí àwọn fọ́tò náà bí iṣẹ́ bá sú mi.

Ní ti ilẹ̀ àti ewéko, ọ̀rọ̀ ìwọ̀n tún padà wá. Fọ́nrán koríko àtọwọ́dá tó gùn ní mìlímítà 2 dọ́gba pẹ̀lú koríko sẹ̀ǹtímítà 17 ní HO, ti mìlímítà 6 sì ju ìdajì mítà lọ, nítorí náà, a kì í lò ó nítòsí ibùdókọ̀ tí ènìyàn ń tẹ̀ lójoojúmọ́. Igi ni ìdàkejì rẹ̀: igi tó ga ní mítà 20 gbọ́dọ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 23 ní HO, síbẹ̀ bí a bá gbé e jáde báyìí, wọn a ní ó ti ga jù, nítorí pé igi kúkúrú tí wọ́n ń tà nínú páálí ti mọ́ wọn lójú. A ti gbà láti máa gé e kúrú fún ẹni tó bá fẹ́, ṣùgbọ́n a kò ní dákẹ́ kí a tó gé e. Àwọn òkè tó jìnnà sí ojú, a máa ń jẹ́ kí wọ́n ṣá, kí wọ́n sì fi díẹ̀ jọ àwọ̀ òfuurufú. Omi odò kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀: ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni à ń kùn kó dúdú níbi tó jìn, lẹ́yìn náà ni a ó da résìnì, oje olómi tó máa ń le bí gíláàsì, lé e ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ìpele kan lẹ́yìn èkejì.

Ojú irin ló ń gba àkókò jù. Òkúta wẹ́wẹ́ ni a kọ́kọ́ ń dà ní gbígbẹ, a ó fi búrọ́ọ̀ṣì gbá a títí kò fi ní ga ju orí igi ìdábùú tí irin jókòó lé lọ, a ó wọ́n omi tí a kán ọṣẹ olómi sí, kí gọ́ọ̀mù funfun tí a là pẹ̀lú omi tó tẹ̀ lé e. Ọṣẹ yẹn kì í ṣe àṣejù. Bí kò bá sí níbẹ̀, omi yóò ṣù jọ bí ìlẹ̀kẹ̀ lórí òkúta, yóò sì máa yí wọn kúrò níbi tí a tò wọ́n sí. Níbi tí irin ti yà sọ́nà méjì, ìkán gọ́ọ̀mù kan tó ṣìnà lè mú kí irin náà má yí mọ́, ìdí nìyẹn tí a fi ń ṣe ibẹ̀ ní díẹ̀díẹ̀, tí a sì ń mì í títí gọ́ọ̀mù yóò fi gbẹ. Ẹ̀gbẹ́ irin ni à ń kùn ní àwọ̀ ìpáàrà. Orí rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa dán, nítorí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ń fọ̀ ọ́ lójoojúmọ́, ibẹ̀ náà sì ni iná mànàmáná ń gbà dé inú ọkọ̀ yín. Bí ẹ bá fẹ́ ojú irin kan tí wọ́n ti pa tì, tí orí rẹ̀ náà ti dípáàrà tí koríko sì ti bò, a lè ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ sọ fún wa tẹ́lẹ̀, nítorí ọkọ̀ kankan kò ní rìn níbẹ̀ mọ́.

Ó yẹ kí n jẹ́wọ́ ibi tí àwa náà ti kùnà. Nígbà kan, a gba ọkọ̀ ẹrù mẹ́fà lọ́wọ́ oníbàárà kan, a sì tò wọ́n ní ìlà kan kí iṣẹ́ lè yá. Nígbà tó so wọ́n pọ̀, ó rí i pé gbogbo wọn ló dípáàrà ní igun kan náà, bí ẹ̀dà ìwé kan tí wọ́n tẹ̀ nígbà mẹ́fà. Ó tọ̀nà pé ó dá wọn padà. Láti ọjọ́ náà ni a kò ti fi ọkọ̀ méjì tó jọra sórí tábìlì iṣẹ́ kan náà mọ́. Ìgbà mìíràn, a fi fáníìṣì tí kì í dán bo ọkọ̀ kan, nígbà tí ìkánjú sì mú wa, a tún fi yíǹkì tí a là pẹ̀lú sípíríìtì kùn ún lórí, gbogbo ara ọkọ̀ sì funfun bí ẹni pé a da ìyẹ̀fun sí i. Fáníìṣì mìíràn tí a fọ́n sí i ló mú funfun náà kúrò, àmọ́ ọkàn mi kò balẹ̀ lọ́jọ́ náà. Àkókò tí iṣẹ́ wa ń gbà báyìí, tí àwọn kan ń kùn sí, ti inú irú nǹkan báwọ̀nyí wá: a ń dúró kí ìpele kọ̀ọ̀kan gbẹ fún odindi ọjọ́ kan kí a tó fọwọ́ kan òmíràn. Fáníìṣì náà tún máa ń gbé púpọ̀ nínú lẹ́búlẹ́bú mì, tó fi jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta ni à ń kùn ún kí èyí tó kù tó hàn.

Ti iná yàrá tí a ń béèrè kò le. Àwọ̀ tó dára lábẹ́ iná funfun wa lè pọ́n jù lábẹ́ gílóòbù tó ń tàn bí òróró, gbogbo eruku yóò sì dà bí ìpáàrà. Bí ẹ bá sọ irú gílóòbù tí ẹ ń lò, abẹ́ irú rẹ̀ ni a ó ti ṣiṣẹ́ yín.

Láti ìsinsìnyí lọ, a kò ní bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìsọdogbó lórí ọkọ̀ kankan títí ẹ ó fi sọ ẹrù tó ń gbé fún wa, iye ọdún tí ẹ fẹ́ kó jọ pé ó ti lò lójú irin, àti bí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe rí. Fọ́tò ọkọ̀ gidi kan ṣoṣo lè dáhùn gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá rí i pé ìdọ̀tí tí a ṣe kéré jù, kó dá ọkọ̀ náà padà pẹ̀lú fọ́tò, a ó fi kún un láìgba kọ́bọ̀. Fífi kún un rọrùn, ṣùgbọ́n yíyọ èyí tó ti wà lábẹ́ fáníìṣì kúrò fẹ́rẹ̀ẹ́ máa bó ọ̀dà ìsàlẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí a fi máa ń dúró níbi tó kéré. Nígbà tí ẹ bá ń yọ ọkọ̀ kúrò nínú páálí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dì í mú ní orí àti ìdí rẹ̀, kì í ṣe ní ẹ̀gbẹ́, nítorí ọ̀rá ìka ọwọ́ máa ń fi ojú tó ń dán sílẹ̀ lórí lẹ́búlẹ́bú, kò sì sí bí a ṣe lè ṣàlàyé pé òjò ló ṣe é.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Olùdarí ilé iṣẹ́