Ilé Bíríkì Méjì Létí Odò Thames, àti Òfin Tí Ẹ Ń Béèrè Fún Ní Èkó

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka ohun tí ẹ kọ lórí àwọn ilé àtijọ́ tí wọ́n ń wó káàkiri Èkó, tí ẹ ní kí ìjọba ṣe òfin tó le sí i. Mi ò ta kò yín. Àmọ́ bíríkìlà ni mí, Southwark ní Lọ́ńdọ̀nù ni mo ń gbé, ilé méjì kan sì wà létí odò níbí tí mi ò lè ṣe kí n má sọ̀rọ̀ wọn.

Ilé iṣẹ́ tó ń pèsè iná mànàmáná ni méjèèjì tẹ́lẹ̀. Ọ̀kan wà ní Battersea, èkejì ní Bankside. Giles Gilbert Scott ló ṣètò bí ojú àwọn méjèèjì ṣe rí, ẹni kan náà tó ṣe àpótí tẹlifóònù pupa tí wọ́n mọ̀ mọ́ Lọ́ńdọ̀nù.

Ti Bankside ni mo fẹ́ràn jù. Bíríkì mílíọ̀nù 4.2 ló lọ sára rẹ̀, síbẹ̀ kì í ṣe bíríkì ló gbé e dúró. Irin ni egungun rẹ̀, bíríkì kàn jẹ́ awọ ni. Ṣùgbọ́n irú awọ wo nìyẹn! Wọn ò rẹ́ ẹ, wọn ò kùn ún lọ́dà. Títò tí wọ́n to bíríkì náà gan-an ni ẹ̀ṣọ́ rẹ̀: ibì kan yọ síta díẹ̀, ibì kan wọlé díẹ̀, kí òòrùn lè ta òjìji sí i lára, fèrèsé gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ sì wà lápá ọ̀tún àti apá òsì òpó èéfín tó wà láàárín. Ẹni tó bá ti mọ ògiri tí wọn ò ní rẹ́ rí á mọ ohun tí mò ń sọ. Bí ìlà kan bá wọ́, ojú gbogbo ayé ló wà.

Lọ́dún 1947 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ, ó sì di 1963 kí wọ́n tó parí. Ṣọ́ọ̀ṣì St Paul's ló dojú kọ lódìkejì odò, ọ̀pọ̀ èèyàn ló sì bínú pé kí wọ́n gbé ilé iṣẹ́ síbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí òpó èéfín rẹ̀ fi mọ ní mítà 99, kó má bàa ga ju òrùlé ribiti ṣọ́ọ̀ṣì náà lọ. Epo ló ń jó. Nígbà tí owó epo fò sókè, èrè tán níbẹ̀, wọ́n sì tì í pa lọ́dún 1981.

Òfin kankan ò dáàbò bò ó nígbà yẹn. Díẹ̀ ló kù kí wọ́n wó o. Ohun tó yọ ọ́ ni pé àwọn Tate, iléeṣẹ́ tó ń pàtẹ iṣẹ́ ọnà fún aráàlú, ń wá ibi tí wọ́n á kó iṣẹ́ ọnà òde òní sí, wọ́n sì mú un lọ́dún 1994. Herzog & de Meuron, àwọn ayàwòrán ilé láti Switzerland, kó ẹ̀rọ jáde nínú gbọ̀ngàn ńlá tó ga ní mítà 35, wọ́n sì fi àyè náà sílẹ̀ gbayawu. Ó ṣí ní oṣù karùn-ún ọdún 2000. Lọ́dún 2016, àwọn kan náà fi ilé tuntun kún un lẹ́yìn, bíríkì 336,000. Wọ́n fi àlàfo sáàárín bíríkì kan sí èkejì, débi pé tílẹ̀ bá ṣú, iná inú ilé á máa yọ gba ara ògiri. Mo dúró wò ó títí, mò ń wá ibi tí ìlà ti ṣì. Mi ò rí i.

Ẹ wá wo Battersea. Ọdún 1980 ni òfin ti dáàbò bo ìyẹn, kó tó dáwọ́ iná dúró pátápátá lọ́dún 1983. Ẹni tó rà á fẹ́ sọ ọ́ di ibi ìgbafẹ́. Ó ṣí òrùlé kúrò kó lè kó ẹ̀rọ jáde, owó tán lọ́wọ́ ẹ̀ lọ́dún 1989, òjò sì ń rọ̀ wọlé láti ìgbà náà. Ìgbà tó yá, àfi kí wọ́n wó òpó èéfín mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí wọ́n sì tún wọn mọ. Oṣù kẹwàá ọdún 2022 ló tó ṣí fún aráàlú, ó di ọjà, ọ́fíìsì àti ilé gbígbé. (Owó ilé ibẹ̀ kì í ṣe ti bíríkìlà.) Èyí tí òfin ò bojú tó padà sẹ́nu iṣẹ́ láàárín ọdún 19. Èyí tí òfin ń ṣọ́ lo 39.

Nílé ńkọ́? Ilé àwọn Àgùdà tí wọ́n ń pè ní Ilojo Bar, ní Tinubu, ìjọba ti kéde ẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé láti ọdún 1956. Wọ́n wó o ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016. Ọgbọ̀n ọdún lọ́nà méjì ni òfin fi wà lórí ilé yẹn.

Nítorí náà, bí ẹ bá tún fẹ́ kọ̀wé lórí ilé tó wà nínú ewu, ẹ bá wa béèrè pé: ta ni yóò máa lò ó, kí ló fẹ́ fi ṣe, ta ni yóò sì máa sanwó òrùlé? Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ láti Freedom Park ní Broad Street. Ọgbà ẹ̀wọ̀n ni tẹ́lẹ̀, wọ́n ti wó èyí tó pọ̀ nínú ẹ̀ kí ayàwòrán ilé Theo Lawson tó sọ ohun tó kù di ibi orin àti tíátà lọ́dún 2010. Ẹ rán akọ̀ròyìn yín lọ bi wọ́n léèrè bí wọ́n ṣe ń rówó tún ògiri yẹn ṣe. Èmi á ra ìwé ìròyìn tí ìdáhùn náà bá wà nínú ẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Bíríkìlà kan, Southwark, Lọ́ńdọ̀nù